Orúkọ Tó Ń Wọlé Lẹ́yìn Aago Méjì

Oṣù márùn-ún ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti wà nínú ilẹ̀ ní Ìjánikin kí n tó mọ̀ pé orúkọ wọn ṣì ń wọlé síbi iṣẹ́. Ojú ara mi ni mo fi rí i. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ wa ni ká máa so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra wọn ní ọ́fíìsì, iléèwé àti ilé ìwòsàn. Ọdún méje ni mo fi kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Alábà, níbi tí wọ́n ti ń ta wáyà àti súìṣì. Súìṣì tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tá a fi ń tan iná o. Àpótí irin pẹlẹbẹ kan ni, tó ní ihò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níwájú, tí wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà inú ilé máa ń wá pàdé sí. Ẹni tó bá ráyè fi kọ̀ǹpútà wọ inú rẹ̀ lè pa gbogbo ilé náà lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni ọ̀gá, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré, èèyàn tí kì í pariwo. Tí mo bá ṣàṣìṣe, wọ́n á tú gbogbo wáyà tí mo ti so, wọ́n á ní kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì jókòó tì mí títí n ó fi ṣe tán, kódà bí oníbàárà bá ń kùn lẹ́yìn wa.

Tayọ̀tayọ̀ ni mo gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ wọn nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ tán. Ohun tó ba àárín wa jẹ́, ẹ̀yìn ìgbà náà ló ṣẹlẹ̀. Iléèwé kan ní Ìbà, tó jẹ́ oníbàárà wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, pè mí pé kí n wá bá àwọn ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá. Mi ò sọ. Mo lọ ṣe é. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọn ò bá mi jà. A pàdé lọ́jọ́ kan ní Ìyànà Ìbà, níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ̀wé fáwọn ọmọ yunifásítì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n wo ojú mi díẹ̀, wọ́n ní, “O ṣeun,” wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ì bá sàn fún mi kí wọ́n gbá mi létí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sá fún wọn.

Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí wọ́n tó pè mí lórí fóònù. Mo wà lórí àkàbà ní iléèwé yẹn kan náà, mò ń fa wáyà gba inú àjà. Aago méjì ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Mo rí orúkọ wọn lójú fóònù, mo dá a padà sápò. Wọ́n pè lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n pè lẹ́ẹ̀kẹta. Mo rò pé ìbáwí tí wọn ò ṣe ní Ìyànà Ìbà ni wọ́n fẹ́ wá ṣe, mo wá ní n ó pè wọ́n padà lọ́la, nígbà tí ọkàn mi bá balẹ̀. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó mú ni a ti sin wọ́n. Wọ́n dùbúlẹ̀ sùn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n pè mí, wọn ò jí mọ́. Ẹ̀yìn àwọn obìnrin ni mo dúró sí nílé òkú, mo fi ìborùn bo ojú. Mi ò lè sún mọ́ ìyàwó wọn.

Mi ò pa ìpè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́ lórí fóònù mi. Nígbà míì tí mo bá jókòó nínú ọkọ̀, mo máa ń ṣí i, mo máa ń wò ó, mo sì máa ń tì í padà.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Okokomáíkò fi pè mí. Ọ̀gá ló so nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀, wọ́n sì ń wá ẹni tó lè gba iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn wọn. Mátíróònù tó ń ṣàkóso ibẹ̀, obìnrin gíga kan tí ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀, fi mí jókòó ní ọ́fíìsì, wọ́n ṣàlàyé pé òṣìṣẹ́ kan ti wọ inú súìṣì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ṣèèṣì ti ihò tí wáyà yàrá ìbímọ wà. Obìnrin kan ń rọbí lọ́wọ́, wọn ò rí fáìlì rẹ̀ ṣí. Ìyá àti ọmọ jáde láyọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mátíróònù bèèrè ẹni tó ṣe é, kò sẹ́ni tó lè sọ, torí orúkọ kan àti pásíwọ́ọ̀dù kan náà ni gbogbo wọn jọ ń lò. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sára ògiri.

Iṣẹ́ náà yé mi. Mo sọ fún mátíróònù pé ẹgbẹ́ mẹ́ta ni n ó pín àwọn tó bá ní iṣẹ́ nínú súìṣì sí. Àwọn kan á lè wo ohun tó ń lọ, ṣùgbọ́n wọn ò ní lè fọwọ́ kan ohunkóhun. Àwọn kan á lè ṣí ihò wáyà, wọ́n á sì lè tì í. Èèyàn méjì péré ló máa wà nínú ẹgbẹ́ tó lè yí gbogbo nǹkan padà. Oníkálukú á ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, kọ̀ǹpútà méjì tó wà ní ọ́fíìsì nìkan ni wọ́n á sì lè gbà wọlé. Ẹni tó bá jókòó síbòmíràn, kódà kó mọ pásíwọ́ọ̀dù, súìṣì ò ní dá a lóhùn. Mátíróònù ní bí àwọn ṣe ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn náà nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni.

Kí n tó yọ orúkọ ẹnikẹ́ni, mo gbọ́dọ̀ mọ àwọn tó ń wọlé. Mo jókòó sí yàrá kékeré tí súìṣì wà, láàárín àwọn páálí omi dírípù, mo so láptọ́ọ̀pù mi mọ́ ọn. Ohun tó kọ́kọ́ yọ sí mi ni ọ̀rọ̀ ìkíni tí súìṣì máa ń kí ẹni tó bá wọlé: “Ẹ káàbọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ohun tí ẹ kò mọ̀. Ẹ bèèrè.” Ọ̀gá ló kọ ọ́. Nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, àwọn nìkan ni mo mọ̀ tó máa ń kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá. Ó ṣe mí bíi pé wọ́n dúró lẹ́yìn àga mi. Mi ò wẹ̀yìn.

Mo wá ṣí àkọsílẹ̀ inú súìṣì, ibi tó máa ń kọ orúkọ ẹni tó wọlé àti wákàtí tó wọlé sí. Orúkọ tí gbogbo òṣìṣẹ́ jọ ń lò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àárín wọn ni mo ti rí orúkọ ọ̀gá. Mo rò pé tàtijọ́ ni. Mo wo ọjọ́ tó wà níwájú rẹ̀: àná ni. Mo wo ti òkè rẹ̀: ìjẹta. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, bí àkọsílẹ̀ náà ṣe gùn tó. Lọ́jọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, orúkọ ọ̀gá á wọlé. Tó bá tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, orúkọ ọ̀gá á jáde.

Mo fi aago súìṣì wé ti fóònù mi, wọn ò fi ìṣẹ́jú kan yàtọ̀. Mo ní bóyá ẹnì kan ló mọ pásíwọ́ọ̀dù wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kì í sọ pásíwọ́ọ̀dù wọn fún ẹnikẹ́ni. Ọdún méje, wọn ò sọ ọ́ fún èmi náà. Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo parọ́ fún mátíróònù pé mo fẹ́ lọ ra nǹkan ní Alábà, mo gba ilé lọ. Mo ròyìn fún ọkọ mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní inú òkú náà ò dùn sí mi, kí n jáwọ́ nínú iṣẹ́ náà. Ó ṣòro fún mi láti sọ fún un pé irọ́ ni.

Ṣùgbọ́n mo padà lọ lọ́jọ́ kejì. Mi ò lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rù bà mí láti lọ, ẹ̀rù sì tún bà mí kí n má lọ. Láti aago kan ni mo ti jókòó síwájú láptọ́ọ̀pù. Wọ́n pe ìrun àyílà ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ọgbà. Aago méjì lù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ìlà tuntun sì yọ lójú láptọ́ọ̀pù mi: orúkọ ọ̀gá ti wọlé.

Mo tẹ àṣẹ tó máa ń fi àwọn tó wà nínú súìṣì lọ́wọ́ hàn. Orúkọ méjì ló gbé wá. Èmi wà níbẹ̀. Ọ̀gá wà níbẹ̀. Mo lè fi àṣẹ kan ṣoṣo lé wọn jáde, ọwọ́ mi ò gbé e. Ńṣe ni mo gbọ́ ohùn ara mi nínú yàrá yẹn, tí mò ń sọ pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.” Fáànù súìṣì nìkan ni mo gbọ́, tó ń kùn.

Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ mi ló gbà mí. Orúkọ kì í dá wọlé. Ẹ̀rọ kan ló gbọ́dọ̀ gbé e wá, ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ gba inú ihò kan. Mo bi súìṣì léèrè, ó sì dá mi lóhùn: ihò kẹtàdínlógún. Mo wo wáyà tó wà níbẹ̀. Ọ̀gá ti lẹ bébà pélébé mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n fi bírò kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí i. Mo tẹ̀ lé wáyà náà bó ṣe bá òkè ògiri lọ, ó kọjá ilé oògùn, ó kọjá ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ, ó sì wọ yàrá kan lẹ́yìn pátápátá. Mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ nínú rẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn.

Ìyàwó ọ̀gá ló jókòó síbẹ̀, tó ń rán aṣọ tí wọ́n fi ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Láptọ́ọ̀pù ọ̀gá wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ sísọ́ọ̀sì wọn. Wọ́n ti pa á dé, wáyà ṣì wà lára rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, èmi ni mo máa ń nù ún lójoojúmọ́ nígbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Màmá wò mí, wọ́n ní, “Ìwọ nìyí.”

Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo wà. Wọ́n ní kí n dìde, kí n jókòó sórí páálí kan. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ pé obìnrin kan ló wá tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe, ọkàn àwọn sì ti sọ pé èmi ni. Wọ́n wá sọ bó ṣe jẹ́. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀gá láàmú, mátíróònù ò jẹ́ kí wọ́n gun àkàbà mọ́, wọ́n sì fún Màmá ní iṣẹ́ ìránṣọ kí wọ́n lè máa wà nítòsí ọkọ wọn. Yàrá yìí ni ọ̀gá máa ń jókòó sí tí wọ́n bá fẹ́ tọ́jú súìṣì. Nígbà tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì, tí ìka wọn ò sì lè tẹ pásíwọ́ọ̀dù dáadáa mọ́, wọ́n ṣe láptọ́ọ̀pù náà kó jẹ́ pé tí èèyàn bá ti ṣí i, òun fúnra rẹ̀ á wọ inú súìṣì lọ.

Ọkùnrin tó máa ń bínú sí mi tí mo bá kọ pásíwọ́ọ̀dù sínú ìwé, òun ló fi tirẹ̀ sínú ẹ̀rọ báyẹn. Mo wá mọ bí àìsàn náà ṣe mú wọn tó, nígbà tí èmi ń sá kiri.

Mo bi Màmá pé kí ni wọ́n máa ń ṣe tí wọ́n bá ṣí i. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe nǹkan kan. Tí àwọn bá ti kírun àyílà tán, àwọn á ṣí i, ẹ̀rọ á ṣókùnkùn, ọ̀rọ̀ á sì máa yọ jáde. “Mi ò kàwé púpọ̀,” ni wọ́n wí. “Nínú gbogbo nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ní ‘ẹ káàbọ̀’ yẹn nìkan ni mo lè kà. Màá kà á, màá jókòó tì í díẹ̀, màá sì pa á dé.”

Mo rò pé ẹ̀rù tó wà lọ́kàn mi ti tán, níwọ̀n ìgbà tí mo ti mọ ẹni tó ń wọlé. Màmá gbé aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀, wọ́n kọjú sí mi.

“Kí ni wọ́n bá ẹ sọ?” ni wọ́n bi mí.

Mi ò tètè lóye. Wọ́n ní lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ọ̀gá kírun tán nínú yàrá yìí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan wà táwọn gbọ́dọ̀ sọ fún mi, wọ́n sì mú fóònù jáde sí fàráńdà. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, wọn ò sọ nǹkan kan, Màmá náà ò sì bèèrè. Wọ́n rò pé àwa méjèèjì ti yanjú ọ̀rọ̀ wa. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni wọ́n ti ń retí pé n ó wá sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn, torí lójú wọn, òun ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ọ̀gá jù lọ.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ọjọ́ ìsìnkú, èmi náà ti ń fi ara mi lọ́kàn balẹ̀ pé bó pẹ́ bó yá, n ó bi Màmá, wọ́n á sì sọ ohun tí ọ̀gá fẹ́ sọ fún mi.

“Mi ò gbé e, Màmá,” ni mo wí. “Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè. Mo rí i. Mi ò gbé e.”

Wọ́n yí ojú sí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ díẹ̀, abẹ́rẹ́ lọ sílẹ̀, ó gòkè padà.

“Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nìyẹn,” ni wọ́n wí.

Wọn ò ṣépè, wọn ò sunkún, wọn ò lé mi jáde. Mo jókòó sórí páálí yẹn, mò ń retí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tó yá, mo sọ ohun tí mo wá ṣe. Mo ṣàlàyé pé ẹni tó bá jí láptọ́ọ̀pù yìí tàbí tó kàn ṣí i nígbà tí wọn ò sí níbẹ̀ lè ti yàrá ìbímọ pa, bó ti ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àti pé mo gbọ́dọ̀ yọ orúkọ ọ̀gá kúrò. Màmá ní, “Tó bá jẹ́ pé wọ́n wà láyè, kí ni wọn ì bá ṣe?” Mo ní ọ̀gá ì bá ti yọ ọ́ tipẹ́, wọn ì bá sì ti bú ẹni tó fi í sílẹ̀ látijọ́ yìí. Ẹnu Màmá là díẹ̀, ó fẹ́ jọ ẹ̀rín. Wọ́n ní kí n ṣe é. Ohun tí wọ́n bẹ̀ mí ni pé kí n jẹ́ káwọn kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lọ́jọ́ kejì, mo ṣe iṣẹ́ náà láti àárọ̀. Mo dá ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, mo fi oníkálukú sáyè rẹ̀, mo ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wá yan pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ lójú mi láìjẹ́ kí n rí i. Ọ̀gá ló kọ́ mi pé èèyàn kì í ti ilẹ̀kùn àtijọ́ kó tó dá a lójú pé kọ́kọ́rọ́ tuntun ń ṣí. Torí náà mo fi ọ̀nà tí mo gbà wọlé sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo gba ọ̀nà tuntun wọlé láti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ó ṣí. Mo gbìyànjú rẹ̀ láti kọ̀ǹpútà ilé oògùn, ó kọ̀. Ó rí bó ṣe yẹ. Òṣìṣẹ́ kan gòkè lọ ya pásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ kúrò lára ògiri.

Lẹ́yìn náà mo fi ihò kẹtàdínlógún nìkan sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo dúró de aago méjì. Orúkọ ọ̀gá wọlé. Mi ò ṣe nǹkan kan. Lọ́jọ́ náà, ó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó jáde. Bó ti jáde ni mo tẹ àṣẹ ìyọkúrò. Súìṣì bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo pa ọ̀rọ̀ ìkíni náà rẹ́ pẹ̀lú, mo fi èyí tí mátíróònù fẹ́ rọ́pò rẹ̀: pé àwọn tá a fún láṣẹ nìkan ló lè wọlé, pé a ń kọ orúkọ ẹni tó bá wọlé sílẹ̀.

Ṣáájú ìyẹn, mo ti lọ tẹ ọ̀rọ̀ ìkíni ọ̀gá sórí ìwé líle kan ní Ìyànà Ìbà. Mo mú un lọ fún Màmá. Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe pé àwọn ti gbàgbé ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní bó ṣe máa ń fúnra rẹ̀ yọ jáde yẹn ni àwọn ń tìtorí rẹ̀ ṣí i.

Oṣooṣù ni mo ń lọ yẹ súìṣì náà wò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ padà lọ, mo bá a nínú àkọsílẹ̀: lójoojúmọ́, lẹ́yìn aago méjì, ẹ̀rọ kan láti ihò kẹtàdínlógún fẹ́ wọlé, súìṣì ò gbà á. Màmá ṣì ń ṣí láptọ́ọ̀pù náà. Mátíróònù bi mí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Mo sọ òótọ́ fún wọn. Wọ́n bèèrè bóyá ó lè ṣe jàǹbá. Mo ní kò lè ṣe é mọ́. Wọ́n ní kí n fi obìnrin náà sílẹ̀. Bó ṣe wà lóṣù kejì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà lóṣù kẹta.

Lóṣù kẹrin, kò sí i mọ́. Mo lọ sí yàrá ìránṣọ, mo bá aránṣọ mìíràn níbẹ̀, ó ní Màmá ti lọ bá ọmọ wọn obìnrin tó bímọ ní Ìsẹ́yìn. Mo pè wọ́n. Wọ́n sọ fún mi pé ọmọ tuntun náà lágbára, pé kì í jẹ́ káwọn sùn. Láptọ́ọ̀pù wà nínú àpótí, torí kò sí wáyà tí wọ́n lè kì bọ̀ ọ́ níbẹ̀. Wọ́n wá bèèrè bóyá ẹnì kan ṣì ń wọlé lẹ́yìn aago méjì. Mo ní rárá, kò sẹ́ni tó ń wọlé mọ́.

Wọ́n ní, “Ó dáa.” Mo gbọ́ tí ọmọ náà ń ké, wọ́n sì ní àwọn ń bọ̀, wọ́n lọ gbé e.

Iṣẹ́ tí mo ṣe níbẹ̀ dára, mátíróònù sì ti júwe mi fún ilé ìwòsàn méjì míì. Síbẹ̀, tí mo bá dé Okokomáíkò, mo máa ń rí i dájú pé kí aago méjì tó lù, mo ti jáde nínú yàrá náà.